Ẹni Tó Jókòó Lápá Ọ̀tún

Ẹ́ńjìnnì tutù, àga ló gbóná.

Ẹni tó bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù tó ń lo dísẹ̀lì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n tó ṣíná sí i. Bó bá ti gbóná kí o tó dé, ẹni tó ń tà á ti jí i sílẹ̀ ni, kí o má baà mọ̀ pé kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Mùtàlíbù, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Alékúwodò, ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ó na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì náà nínú ọgbà tí wọ́n gbé e sí ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ó ní ó tutù bí omi àmù. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó kí n lè wo inú rẹ̀ dáadáa. Ooru wọ aṣọ mi láti ìsàlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò níbẹ̀ kí n lè ráyè jókòó.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ náà wà. Oòrùn kò kàn án.

“Ta ló jókòó síbí?” mo bi ẹni tó ń tà á.

Bándélé ni orúkọ rẹ̀, ará Iléṣà, ọkùnrin tó ti ń hewú díẹ̀, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó ti sọ fún wa pé bàbá òun ló ni ọkọ̀ náà, pé bàbá sì ti sinmi.

“Kò sẹ́nì kankan, mà,” ó dáhùn. Kò wo ojú mi. “Ooru ọjọ́ ni.”

Òórùn ìpara líle tí àwọn arúgbó fi ń pa orúnkún kún inú ọkọ̀ náà. Mo rò ó pé ti bàbá tó kú náà ni, pé aṣọ àga ló gbà á mọ́ra. Mo sọ̀kalẹ̀.

Mùtàlíbù yẹ ọkọ̀ náà wò bí ìyá ọkọ ṣe ń yẹ ìyàwó tuntun wò. Ó ṣí ibi omi, ó wò ó bóyá ọ́ìlì léfòó sí i. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ìdí sukudiráfà rẹ̀ kan irin gígùn tó gbé ọkọ̀ dúró, nítorí pé àwọn oníjìbìtì máa ń fi ọ̀dà tuntun bo irin tí ìpẹtà ti jẹ. Nígbà tó ṣíná sí i, ó ní kí n dúró sẹ́yìn kí n wo èéfín. Bó bá funfun tí kò lọ, omi ló ń jó. Bó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí tú èéfín dúdú díẹ̀, kò pẹ́ tó fi mọ́. Ó tún yọ ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ jáde níbẹ̀ bí èémí ẹni tó sáré.

“Ìyá, wàláhì, ọkọ̀ yìí lágbára ju èmi lọ,” ó ní. “Àfi pé ó tẹ̀ sápá ọ̀tún. Sípíríìn ibẹ̀ ti rẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ lóṣòó síbí bí Òṣómàáló títí wọn ó fi bá yín pààrọ̀ ẹ̀?”

“Ìwọ Mùtàlíbù, ẹnu rẹ ni sípíríìn rẹ̀ rẹ̀,” mo dá a lóhùn.

A ní ká wà á lọ sójú títì. Mùtàlíbù gun ẹ̀yìn kó lè máa gbọ́ ìró abẹ́ ọkọ̀. Mo ní kí Bándélé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní rárá, ẹ̀yìn tẹ́ òun lọ́rùn. Ó gun ẹ̀yìn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, ó jókòó sínú eruku àti èèpo iṣu gbígbẹ. Mo wò ó nínú dígí. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sáré.

Mo béèrè gbogbo ohun tó kan irin, mo sì ra ọkọ̀ náà. N kò béèrè ìdí tí ará Iléṣà fi gbé ọkọ̀ wá ta sí Ìdó-Ọ̀ṣun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni mo ń gbé. Ọkọ mi ti kú. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, wọ́n máa ń pè mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn. Mo ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu láti oko lọ sí Òṣogbo. Lójú ọ̀nà, èmi nìkan ni. Bí mo bá délé, èmi nìkan ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé àdúrà ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti jí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo wa ọkọ̀ náà bọ̀ wálé, ó fà sọ́tùn-ún ní Ìbòkun, níbi tí ọ̀nà Iléṣà ti yà kúrò lára ọ̀nà Ìmẹ̀sí. Kì í ṣe pé ó yọ̀. Ńṣe ni sítíárìn rọra yí lábẹ́ ọwọ́ mi, bí ọwọ́ àgbàlagbà tó ń darí ọmọdé. Mo fà á padà, mo sì ń lọ. Ìgbà kejì, bákan náà. Mùtàlíbù yẹ táyà wò, ó yẹ bíréèkì àti sítíárìn wò, kò rí nǹkan kan. Ó pààrọ̀ sípíríìn ọ̀tún. Kò pẹ́ tó tún tẹ̀, bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ ṣófo.

“Ìyá, ta lẹ máa ń gbé?” ó bi mí.

“Èmi nìkan ni.”

“Ẹni yẹn mà wúwo o.” Ó rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ti gíláàsì. Mo máa ń yí gíláàsì ọ̀tún sókè kí n tó wọ oko, mo sì máa ń bá a nísàlẹ̀ bí mo bá dé, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ atẹ́gùn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ikọ́. Ikọ́ kékeré ni, èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ bo ẹnu wú kó má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ṣe mí bákan pé ìwà ọmọlúàbí tó wà nínú ikọ́ náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí tó bó ti yẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Bí mo bá wọlé, mo máa ń ní, “Ẹ kú ìjókòó o.” Nígbà tó yá, mo ń sọ fún un bí ọjà ṣe rí. Mo sọ fún un nípa ọkọ mi, àti bí ilé ṣe ń dákẹ́. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe kedere lórí bíbá òkú sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi sì ti fi kọ́ àwọn obìnrin ìjọ wa. Ṣùgbọ́n mo ń retí ọjọ́ ọjà ju bí mo ti máa ń retí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé Mùtàlíbù ṣàwárí ohun tó ń fa ọkọ̀ náà sọ́tùn-ún, mo rò ó pé ǹ bá ní kó má tún un ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, mo ń bọ̀ láti Òṣogbo. Bí a ti súnmọ́ Ìbòkun, ohùn kan sọ̀rọ̀ lápá ọ̀tún mi. Ó rẹlẹ̀, ó sì kún fún oorun.

“Ṣé a ò tíì délé ni?”

Ọwọ́ mi di sítíárìn mú. N kò wo ẹ̀gbẹ́. Mo fi agbára darí ọkọ̀ sọ́nà Ìmẹ̀sí, mo sì gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Èémí ẹni tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún tipẹ́ ni, tó sì ti pinnu pé òun kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

N kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Arúgbó kan ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sílé òun, èmi sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ nítorí pé n kò fẹ́ dá nìkan wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ nìkan kọ́ ni olè ń jí; bàbá ẹlòmíràn ni èmi ń jí gbé.

Ní Sátidé, mo wa ọkọ̀ náà dé Ìbòkun, mo dẹ ọwọ́ mi lórí sítíárìn. Ó yà sọ́nà Iléṣà wọ́ọ́rọ́. Ó gbé mi wọ ìlú, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó sì dúró fúnra rẹ̀ níwájú ilé alájà kan tí géètì rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bándélé ló jáde. Nígbà tó rí ọkọ̀ náà, ó fi ọwọ́ kan géètì bí ẹni tó fẹ́ tì í.

“Má tì í,” mo ní. “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ?”

Ó wo fèrèsé ọ̀tún, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́.

“Ilé ìwòsàn ni a ti ń bọ̀ ní Òṣogbo, mà. Wọ́n ní ilé ni àwọn fẹ́ wá. A kò tíì dé Ìbòkun tí wọ́n fi kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn ọlọ́pàá wà níwájú. Ẹ̀rù bà mí pé wọn á ní kí ni mo fi òkú ṣe. Mo fa fìlà bò wọ́n lójú. Mo ní bàbá mi ń sùn ni.”

“Kí lo sọ fún òun fúnra rẹ̀?”

“Àwọn ọlọ́pàá ń gbọ́, mà. Mo ní, ‘Ẹ máa sùn, bàbá, a máa tó délé.’ Lẹ́yìn náà mo gba ọ̀nà mìíràn padà sí Òṣogbo, mo gbé wọn lọ sílé òkú. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé pósí wá síbí.”

Àwọn àgbà wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá ń gbé òkú bọ̀ wálé láti ọ̀nà jíjìn, ọmọ olóògbé máa ń bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo oríta àti ẹsẹ̀ odò. Á ní, bàbá, ẹ ti kú o, ilé là ń gbé yín lọ. Òtítọ́ ni ẹni tó kú fi ń mọ ọ̀nà. Bándélé ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé oorun ló ń sùn. Bàbá sì ti gba ọmọ rẹ̀ gbọ́.

“Sọ fún un nísinsìnyí,” mo ní.

“Ẹ bá mi sọ ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́.”

“A kì í yá ẹnu àlejò túfọ̀ bàbá ẹni. Ìwọ lo pa irọ́, ìwọ ni wàá sọ òótọ́.”

Ó rìn dé ilẹ̀kùn ọ̀tún. Ó ṣí i. Ó tẹrí ba.

“Bàbá,” ó ní. “A ti délé. Ẹ sọ̀kalẹ̀.”

Irin abẹ́ ọkọ̀ dún. Ọkọ̀ náà gbéra sókè lápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí arúgbó bá ń fara balẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Òórùn ìpara kọjá láàárín wa. Kọ́tìnì ẹnu ilẹ̀kùn ilé náà ṣí, ó sì tún padà sípò.

“Kò tíì tán,” mo ní. “Sọ èyí tó kù.”

Bándélé yíjú sí ilé náà. Ó la ẹnu. Mo rò ó pé yóò sọ fún un pé ó ti kú. Ohun tó sọ ni, “Ẹ sinmi o, bàbá. Oorun ojú ọ̀nà kì í tó ènìyàn.”

“Bándélé! O tún purọ́ fún un.”

“Màá sọ ọ́ lọ́la, mà. Ọlọ́run gbọ́, màá sọ ọ́ lọ́la.” Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri géètì. Ilé tó ń gbé ni, kò sì lè wọ̀ ọ́.

Mo gun ọkọ̀ mi. Mo ti ṣe èyí tó jẹ́ tèmi. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo, ó sì ti tutù, ọ̀nà Ìmẹ̀sí sì wá gùn lójú mi bí ọ̀nà ìlú tí n kò dé rí. N kò tíì pa ilẹ̀kùn dé nígbà tí àga kan dún nínú ilé. Ẹnì kan wú ikọ́. Ohùn náà wá, kò kún fún oorun mọ́.

“Bándélé, ṣé ẹ ò tíì se oúnjẹ ni? Ní kí obìnrin yẹn wọlé. Òun náà kò rí ẹni bá a jẹun.”

Bándélé wò mí. Ó ń mi orí sí mi pé rárá.

Mo wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà nílẹ̀ níwájú géètì náà, n kò sì mọ ìgbà tí mo gbé e.