Ìwé Mọ́kànlá fún Àbíkẹ́yìn

"Ẹ rọra o, ẹ rọra! Ẹ má jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!"

Ìyá Kíámọ́sá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, àfi bíi pé ọmọ tuntun ni wọ́n ń gbé wọlé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà gbá a mú níwájú, Kíámọ́sá gbá a mú lẹ́yìn, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe kékeré. Ó ń tẹ̀wé, ó sì ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ìyá yìí, tó jẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan, ti ń retí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Bọ̀dá ṣí ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀, ó yọ gbogbo téèpù tí wọ́n fi de inú rẹ̀, ó mi ike tónà, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú dúdú tó dúró bíi yíǹkì, ó sì tì í wọlé títí ó fi dún "ká!" Kíámọ́sá ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Ó tún ti dé!" Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Wọn ò kúkú sọ ọ́ ní Kíámọ́sá lásán. Fara balẹ̀ gbọ́ mi ná. Ọ̀nà méjì lo lè gbà ṣe ẹ̀dà. Ẹnu òkè yìí, tó o bá to ìwé sí i, á máa gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ìwé tuntun tó le ni tiẹ̀. Ìwé gbígbó, èyí tí wọ́n ṣẹ́ po, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, orí gíláàsì abẹ́ ìdérí ni wàá tẹ́ ẹ sí. Bí ìwé bá sì há sẹ́nu òkè, má fà á o! Pa iná ẹ̀rọ, ṣí ìdérí, kó o rọra yọ ọ́."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá."

Etí lásán ló fi gbọ́. Bọ́tìnnì yẹn ni ọkàn rẹ̀ wà.

Nígbà tí Bọ̀dá lọ tán, ìyá rẹ̀ wọ yàrá, ó sì gbé páálí bàtà kan jáde. Kíámọ́sá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì yọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Káfíńtà ni bàbá wọn. Àrùn ọ̀fun ló ṣe é, títí tí àwọn dókítà fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ohùn rẹ̀ sì lọ pátápátá. Ọdún méjì tó lò lẹ́yìn náà kó tó kú, pẹ́ńsù ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni o, ìwé ọmọléèwé ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ẹ̀fẹ̀ ò sì kúrò lára ọkùnrin náà. "Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń hanrun bí ayùn tó kú," ló kọ nígbà kan. Ní ọjọ́ mìíràn: "Ta ló kan tábìlì dókítà yìí? Kí ara mi yá ná, màá tún un kàn fún un lọ́fẹ̀ẹ́."

Kíámọ́sá gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ dáadáa kó tó lọ. Àbíkẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin, kò rántí rẹ̀ rárá. Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí ohùn lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí bàbá tẹ̀ lé e. Ọ̀la gan-an ló máa pé ọmọ ọdún méje, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìwé já geere ni.

Ìwé mọ́kànlá wà nísàlẹ̀ páálí náà. Àwọn àjákù ìwé ni bàbá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tó sì kọ ìtàn kan sí fún Àbíkẹ́yìn, ojú ewé kan lójúmọ́, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè mú pẹ́ńsù. Ó kọ ọ́ sókè èyí àkọ́kọ́ pé: "Àbíkẹ́yìn fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kà á." Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò kà á, títí kan ìyàwó rẹ̀.

"Pẹ́ńsù yìí ti ń parẹ́," ni ìyá sọ. "Bí ọmọ yẹn bá ń mú un kiri, á fà á ya. Ẹ̀dà la máa fún un lọ́la, ká tọ́jú èyí tí bàbá yín fọwọ́ kọ. Dojú rẹ̀ dé gíláàsì, má kà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan o, ọmọ mi. Ṣó o gbọ́?"

"Mọ́mì, ìwé mọ́kànlá péré náà?"

"Ìwé mọ́kànlá náà ni o."

Ó fa Àbíkẹ́yìn lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì, ó ku Kíámọ́sá nìkan, tó ń retí ọkọ̀ ìjáde kíláàsì rẹ̀.

Kíámọ́sá kọ́kọ́ fi ìwé ilé-ìwé rẹ̀ dán ẹnu òkè wò. Àá, ẹ̀rọ yìí mà dáa o! Ogún ojú ewé, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ó wá gbé ìwé bàbá, ó ṣí ìdérí, ó dojú èyí àkọ́kọ́ dé gíláàsì, ó pa ìdérí dé. Ẹ̀dà náà jáde, ó wọ́. Ó tún un ṣe. Fóònù bá dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláriwo ni.

"Ibo lo wà? Ọkọ̀ tó ń gbé kíláàsì wa lọ sétí òkun ti dé o! Awakọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun fún wa."

"Ẹ dúró dè mí! Mò ń bọ̀!"

Ó wo ìwé mẹ́wàá tó kù. Ó wo ẹnu òkè. Ó mọ ohun tí Bọ̀dá sọ, ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, kò gbàgbé ọ̀kankan. Ó kàn ní kò sóhun tó máa ṣe é ni. Ó to gbogbo wọn sẹ́nu òkè, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ìwé kejì wọlé wẹ́rẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì jáde. "Kí ni mo sọ?" ló wí, ó sì sáré lọ wọ bàtà.

Ìgbà tó dé, ẹ̀rọ náà ń dún "kírà, kírà, kírà." Gọ́ọ̀mù ti lẹ àwọn ìwé mọ́ra wọn, ẹ̀rọ sì ti fa gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rún jọ. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Fóònù tún ń dún. Pa iná, ṣí ìdérí, ìyẹn ò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kíámọ́sá di etí ìwé náà mú, ó fà á.

Ó ya. Ó tún fà á, ó tún ya.

Ó sáré lọ pe Bọ̀dá. Nígbà tí Bọ̀dá fi máa dé, tó tú ẹ̀rọ náà, ìwé mẹ́sàn-án ti di wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀. Ibi tí kò tiẹ̀ ya, rọ́là ẹ̀rọ ti nu pẹ́ńsù ibẹ̀ kúrò. Wọ́n to àjákù títí, wọn ò rí gbólóhùn kan tó pé. Bọ̀dá ò bá a wí. Ó mi orí, ó sì lọ.

Ọkọ̀ ti lọ. Kíámọ́sá jókòó sílẹ̀, ó ń ro irọ́ tó máa pa. Yóò ní iná ló ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ẹkún ló gba ẹnu rẹ̀. "Mọ́mì, mo kánjú ni. Ẹnu òkè ni mo to wọn sí. Èmi ni mo fà á ya."

Ìyá rẹ̀ ò nà án, kò bú u. Ì bá sàn kó nà án. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀, ó ń ṣa àwọn àjákù náà sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Ojoojúmọ́ ló ń ṣe mí bíi kí n kà á," ló sọ. "Ọdún mẹ́rin. Mo ní rárá, ti ọmọ ni."

Lọ́jọ́ kejì, Àbíkẹ́yìn jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń ka ẹ̀dà méjì tó jáde.

"Káfíńtà kan wà tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ kékeré bi í pé, 'Dádì, báwo ni ohùn yín ṣe rí kó tó lọ?' Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsù, ó sì kọ ọ́ pé ohùn òun dà bíi..."

Ó yí ìwé padà. Kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀.

"Dà bíi kí ni, Mọ́mì?"

Ìyá wọn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"A ò mọ̀," ni Kíámọ́sá dáhùn. "Èmi ni mo ba ìyókù jẹ́. Mo fẹ́ tètè jáde, mi ò ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọmọ náà yíjú sí i. "Àǹtí mi, ẹ̀yin ṣáà gbọ́ ohùn Dádì rí. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi."

Kíámọ́sá la ẹnu. Ó wá a, ó wá a. "Ó nípọn," ló sọ. "Ó nípọn, ó sì... ó dùn."

"Bíi kí ni?"

Kò rí nǹkan kan tó lè fi wé e. Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó sì sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, Kíámọ́sá kì í ṣe ọmọ burúkú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sẹ́ni tó tàn án. Ó mọ ohun tó tọ́, ó sì kánjú rékọjá rẹ̀ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá fa ohun kan tí kò ní èkejì lé yín lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí ẹ fi sùúrù ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ṣe é. Ìjáde mìíràn yóò wà fún kíláàsì wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Àbíkẹ́yìn ò lè mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ fún un mọ́ láé.