Sítáàṣì Tó Pọ̀ Jù

"Husnah, jáde jàre! Aṣọ tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ yẹn á ti tán kí á tó dé Yaba!" Aneesah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Mò ń bọ̀! Ó ku nǹkan kékeré kan."

Irọ́ ni o, kì í ṣe kékeré rárá. Husnah ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé, tó ń yẹ òkúta inú ilẹ̀ wò ní Muṣin. Wọ́n á lọ òkúta kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi àti kẹ́míkà, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i títí yóò fi hó. Bí òjé bá wà nínú rẹ̀, yóò bá ìfófòó gòkè. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi sítáàṣì di pàǹtí mọ́lẹ̀, kó má baà bá òjé gòkè. Síríǹjì kan péré ni wọ́n ń wọ̀n sí i.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ló gbé òkúta tọjọ́ náà wá láti abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀, wọ́n sì fún un ní àkókò di ọ̀sán ọjọ́ náà láti dá wọn lóhùn. Bàbá ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ná.

Husnah wá síríǹjì títí, kò rí i. "Ṣebí ìyá mi kì í wọn iyọ̀ kí ọbẹ̀ rẹ̀ tó dùn," ló wí. Ló bá fi ife da sítáàṣì sí i.

Yéè! Ìfófòó gòkè, ó funfun báláú, kò gbé òjé kankan. Sítáàṣì ti di òjé àti pàǹtí pọ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo òkúta Bàbá ló sì ti wà nínú omi náà.

Ẹ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé yọjú wò ó. "Ṣé o wọ̀n ọ́n dáadáa?"

"Mo wọ̀n ọ́n, sà."

Ẹ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé mi orí. "Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí òjé níbẹ̀."

Bàbá ṣí fìlà, ó wá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Abọ́dúndé, fọwọ́ sí ìwé wọn. Iyekíye tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ san, gbà á."

Husnah yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fọ ife náà. Ìgbà tí Bàbá dìde, tó ń kí wọn pé ẹ ṣeun, ni ó bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò wọ̀n ọ́n! Ife ni mo fi dà á!"

Bàbá sáré tún pe ọmọ rẹ̀. Abọ́dúndé ti fọwọ́ sí i, àwọn olùrà ti gba ìwé lọ. Ẹ̀gbọ́n bẹ àwọn olùrà náà lórí fóònù títí, wọn kò gbà.

Bàbá wo Husnah. "Ọmọ mi, nígbà tí mò ń pe Abọ́dúndé, ṣé o ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Arúgbó náà kò bú u. Ó kàn gbé àpò rẹ̀ tó ti ṣófo, ó ń lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ ẹ tètè jẹ́wọ́ o. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ Husnah kò pẹ́ tó wákàtí kan kó tó dé, síbẹ̀ kò bá ilẹ̀ Bàbá mọ́.