Ẹ Má Ṣe Da Ẹran Àgbọ̀nrín Méjì Pọ̀

Aago méje àárọ̀ ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, nígbà tí Alois Wendorf ta ọfà sí akọ àgbọ̀nrín kan nínú igbó ìjọba tí ó wà lẹ́yìn odò Otter, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Orí ọfà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Alois. Ogójì ọdún ni ó fi fún wàrà màlúù, iṣẹ́ náà sì jẹ èjìká rẹ̀ ọ̀tún run débi pé kò lè fa ọrun lásán mọ́. Àkàtàǹpó ni ó ń lò nísinsìnyí, èyí tí a máa ń yí okùn rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi láti inú kànga. Láti ìgbà tí ó ti ta oko rẹ̀, kò ní ilẹ̀ tí yóò ti máa dọdẹ, àfi igbó gbogbo ará ìlú.

Àgbọ̀nrín náà rìn wá títí ó fi ku ogún ìṣísẹ̀ sí i. Ó sanra. Irun rẹ̀ ń dán. Alois dúró títí ẹran náà fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn án, kí ó tó ta á. Àgbọ̀nrín náà kò sáré jìnnà kí ó tó ṣubú.

Gordy Lemke, aládùúgbò rẹ̀ tí ilé wọn dojú kọra, ni ó wá bá a wọ́ ọ jáde.

Gordy ní, "Ṣé ọfà ló pa á, àbí àánú ẹ ló ṣe é tó fi kú?"

Alois ní, "Fa ẹsẹ̀ tìrẹ, jẹ́ ká máa lọ. Ó rẹ̀ mí."

Inú Gordy dùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi rí ẹran pa, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú, ó ta abo àgbọ̀nrín kan nínú igbó kan náà. Wọ́n gé orí àgbọ̀nrín méjèèjì, wọ́n di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn, wọ́n sì fi wọ́n sínú àpótí tí ìjọba gbé sí ẹ̀bá ọ̀nà fún àyẹ̀wò àrùn gbígbẹ, àrùn tí ó máa ń mú àgbọ̀nrín rù kan egungun kí ó tó pa á. Ibi tí wọ́n ṣe é dáadáa mọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọran kalẹ̀ nínú gárééjì Gordy. Bí àwọn bàbá wọn ti máa ń ṣe sọ́séèjì ni àwọn náà ṣe é: ẹran akọ, ẹran abo, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ata dúdú àti aáyù, gbogbo rẹ̀ nínú agbada kan.

Lorna, ìyàwó Alois, gbé kọfí wá fún wọn. Ó wo agbada náà.

"Ṣé èsì àyẹ̀wò ti dé ni?"

Gordy rẹ́rìn-ín. "Lorna, wo ẹran yìí dáadáa. Bí eléyìí bá ń ṣàìsàn, a jẹ́ pé èmi ti kú láti ọdún tó kọjá."

"Ó ń ṣe mí bíi pé o ti kú lóòótọ́, a ò kàn tíì sọ fún ọ ni."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Àádọ́ta ìdì sọ́séèjì ni ó jáde nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ẹ̀fín yan án, wọ́n pín in sí méjì ọgbọọgba, oníkálukú sì kó tirẹ̀ sínú fíríísà. Ní ilé Alois, ẹran yẹn ni wọ́n ní lọ́kàn láti máa jẹ nígbà òtútù títí di oṣù Kẹta.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn èyí, fóònù dún bí wọ́n ti jẹun ọ̀sán tán. Obìnrin kan ni ó ń pè láti ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ẹranko igbó. Mai Thao ni orúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Wendorf. Ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín tí ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ fún wa ni. Ẹ má bínú sí mi, sà. Àrùn gbígbẹ wà lára ẹ̀."

Alois fa àga, ó jókòó. "Ṣùgbọ́n ó sanra."

"Wọ́n máa ń sanra, sà. Ó lè wà lára ẹran fún ọdún kan ààbọ̀, kó tó gbẹ. Ojú kì í mọ̀ ọ́n."

"A ti jẹ ìdì mẹ́rin nínú ẹ̀. Ṣé a máa kú ni?"

"A ò tíì rí ẹni kankan tí àgbọ̀nrín kó o ràn. Ṣùgbọ́n a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè ràn, ìyẹn la fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Iná ìdáná kì í pa á. Fíríísà kì í pa á."

"Ẹ̀fín ńkọ́?"

"Ẹ̀fín náà kì í pa á, sà. Ẹ di í sínú ọ̀rá méjì, ẹ kó o síta fún àwọn akólẹ̀. Ẹ má jù ú fún ajá. Ẹ má sì kó eegun ẹ̀ padà sínú igbó, torí àrùn náà máa ń bá ilẹ̀ gbé, igbó yẹn kì í sì í ṣe ti ẹnì kan."

Alois wo ilé Gordy láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò fẹ́ sọ. "A ti dà á pọ̀ mọ́ ti Gordy Lemke."

Ó gbọ́ bí obìnrin náà ti mí kanlẹ̀. "Ti Bàbá Lemke mọ́, sà. Ṣé ẹ mọ ìdì tó jẹ́ tiyín àti èyí tó jẹ́ tiwọn?"

"Ẹ̀rọ ìlọran nìkan ló mọ̀."

"A jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ti bàjẹ́ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Èmi náà máa ń dọdẹ, sà. Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, èmi àti bàbá mi kó odidi ẹran kan dànù. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé."

"Ṣé ìwọ lo máa pe Gordy?"

"Èsì tiwọn mọ́, ohun tí a sì máa kọ ránṣẹ́ sí wọn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ pé ẹ dà á pọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà."

Alois gbé fóònù sílẹ̀. Lorna ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń nu tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀kẹta.

Alois ní, "Ó rẹ̀ mí, Lorna."

"Ó ti ń rẹ̀ ọ́ látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ."

"Èsì máa dé bá Gordy pé tirẹ̀ mọ́. Inú ẹ̀ máa dùn. Ọdún mẹ́ta, Lorna! Tí mo bá kó tiwa dànù, tí mo dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní kò tíì ran ẹnikẹ́ni."

Lorna gbé aṣọ ìnutábìlì sílẹ̀. "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Ìwọ ti fi ẹnu tìrẹ kọ̀ ọ́ báyìí. Ẹnu ta ni kí Gordy fi kọ̀ ọ́, nígbà tí kò mọ̀?"

 Alois wo èjìká rẹ̀ bí ẹni pé èjìká náà ni yóò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó mú fìlà rẹ̀, ó sọdá títì.

Gordy ti dúró sí ẹnu ọ̀nà kí Alois tó kan ilẹ̀kùn. Ó na fóònù rẹ̀ sí i lójú. "Ó ti dé! Wò ó! Mọ́! Tèmi mọ́ bí omi! Wọlé, sọ́séèjì wà lórí iná. Àwọn ọmọọmọ mi ń bọ̀."

"Pa iná yẹn, Gordy."

"Kí ló dé?"

"Tèmi ò mọ́."

Gordy wò ó. Ẹ̀rín ṣì wà ní ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ mọ́. "Tìrẹ nìkan?"

"Tèmi nìkan. Ṣùgbọ́n kò sí tèmi, kò sí tìrẹ mọ́. Inú agbada kan ni."

Gordy lọ pa iná. Ó dúró ti ààrò fún ìgbà pípẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó sínú òtútù, Alois, tí n ò rí ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Ta ló ní ká dà á pọ̀?"

"Ìwọ."

"Ta ló gbà fún mi?"

"Èmi."

"Ọ̀dẹ̀ méjì, àkàtàǹpó méjì." Ó ṣí fíríísà, ó sì na ọ̀rá ńlá kan sí Alois. "Di ẹnu ẹ̀ mú fún mi."

Wọ́n kó o títí fíríísà fi ṣófo.

Ẹ̀yin ọdẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ohun tí ọdẹ pa, ẹ fi ti àwọn àgbààgbà méjì yìí kọ́gbọ́n. Ẹran tí ó sanra lè ní àrùn. Ẹ fi orí àgbọ̀nrín yín sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì fi sùúrù dúró de èsì. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pọ̀ jù lójú ẹran tí a ó jẹ fún oṣù márùn-ún. Kí ẹran ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára ọ̀rá náà. Bí ẹ bá gbé e fún alápatà, ẹ bi í bóyá ó ń lọ ẹran yín pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Bí ọ̀kan kò bá mọ́, òun nìkan ni ẹ ó pàdánù. Bí ẹ bá sì ti pín in fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ yín ni láti lọ sọ fún un, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó.

Ìwé àṣẹ láti pa àgbọ̀nrín kan sí i ṣẹ́ kù fún Alois ní sáà ọdẹ yẹn. Gordy kò ní òmíràn. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, Alois fi ẹ̀yìn ti igi óákù nínú igbó ìjọba, ó yí okùn àkàtàǹpó sẹ́yìn pẹ̀lú èjìká tí ń ro ó, ó sì pinnu: ẹran tí ó bá ṣubú, orí rẹ̀ yóò lọ sínú àpótí, ara rẹ̀ yóò dúró pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, bí èsì bá sì dé pé ó mọ́, ti Gordy ni gbogbo rẹ̀, láti ọrùn dé itan, láì lọ ọ́.