Omi Tí Ìyá Sè Títí

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ́ tónítóní ní àdúgbò wa, ilé aránṣọ ni kí ẹ lọ. Kí ó tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀, ìkòkò omi ti wà lórí iná. Ọyàn rẹ̀ ti gbẹ, mílíìkì ló ń pò fún ọmọbìnrin rẹ̀, ìkókó oṣù méjì. Omi kànga ẹ̀yìnkùlé ló sì fi ń pò ó, omi tó mọ́ gaara, tí kò rùn rárá. Síbẹ̀, ó ń sè é.

Àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Ìyá Omi-Gbígbóná. Bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n á bi í bóyá omi náà kò tíì jinná ni. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo lòun ní.

Nígbà tó yá, ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí aró. Èékánná rẹ̀ náà dúdú. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò wúkọ́, ó kàn ń mí bí ẹni tó sáré. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òtútù ni. Aránṣọ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ omi, ló bá kó igi kún iná. Ìkòkò tó kún dẹ́múdẹ́mú, ó sè é títí tó fi ku ìdajì, ó dà á sínú fúláàsì. Ìyá wo ni ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fà kò pupa mọ́, ó rí bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára aṣọ. Wọ́n sáré wá oògùn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló kú sí.

Nọ́ọ̀sì ló rán ọkùnrin tó ń yẹ omi wò sí ilé wọn. Ó bu omi kànga sínú ìgò kékeré, ó da ìyẹ̀fun sí i, ó mì í. Omi náà pọ́n díẹ̀. Ó ní imí-ọjọ́ wà nínú ìyẹ̀fun náà, kì í ṣe imí-ọjọ́ lásán, wọ́n ti so ó mọ́ èròjà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní olóòórùn, orúkọ lásán ni, kò kan òórùn. Ó ní iyọ̀ burúkú kan ń jò láti ara ṣalángá àti ajílẹ̀ wọ kànga. Ojú kì í rí i, imú kì í gbóòórùn rẹ̀, ìyẹ̀fun yìí ló ń bá àwọn tú u fó: bí iyọ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe ń pọ́n tó. Iyọ̀ náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìkókó gbé atẹ́gùn.

Aránṣọ wọlé, ó gbé fúláàsì jáde.

"Ẹ yẹ eléyìí náà wò. Òun ni mo fi po oúnjẹ rẹ̀."

Ọkùnrin náà ní kò pọndandan. Aránṣọ ò gbé fúláàsì náà kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pọ́n ju ti kànga lọ fíìfíì.

"Mo ṣáà sè é," ni aránṣọ wí.

"Ẹ má bínú. Iná ń pa kòkòrò, kì í pa iyọ̀. Ọbẹ̀ tó bá gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ rẹ̀ kì í le sí i ni?"

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un rí, ohun tó ń dun àwa náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jáwọ́ nínú omi sísè, ó dára fún kòkòrò. Àmọ́ kí ìkókó tó fẹnu kan omi kànga, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹ̀fun yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá pọ́n, ẹ wá omi mìíràn. Iná kankan kò lè tún un ṣe. Ọmọ tó ń mu ọyàn nìkan kò nílò omi rárá. Ẹ má gbẹ́ kànga sítòsí ṣalángá. Bí ètè ọmọ bá sì dúdú, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró ti ìkòkò.

Aránṣọ ṣì ń ránṣọ. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní Ìyá Omi-Gbígbóná mọ́.