Ọmọ Bùọ̀dá Kì í Wọlé Lọ́fẹ̀ẹ́

Pátákó náà tún dún gbàà ní ìdí Cedric, ó sì ṣubú.

"Dìde," ni Vernon, olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń fi pátákó na ẹni tó bá fẹ́ wọlé, wí. "Bàbá ẹ ò ṣubú báyìí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Mo ti dìde, Bùọ̀dá Vernon."

Oyin ọ̀hún kò ju jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú gáréèjì kan lẹ́yìn yunifásítì wọn ní Alabama. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Cedric gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kẹ́mísírì bó bá ṣì fẹ́ di dókítà. Imani, tí wọ́n jọ ń kàwé, ti bẹ̀ ẹ́ títí: "Wá ká kàwé, jàre. Ìdí ẹ ò ní bá ẹ dáhùn ìbéèrè." Cedric rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Broussard, a máa wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ yìí gé koríko. Bí o bá bi í pé kí ló kà ní yunifásítì, á ronú díẹ̀. Bí o bá bi í nípa ẹgbẹ́, oúnjẹ á tutù. Ọmọ bùọ̀dá, ìyẹn ọmọ ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, lè wọlé láìjẹ pátákó, ṣùgbọ́n "bébà" ni wọn yóò máa pè é títí láé: ọmọ ẹgbẹ́ orí ìwé lásán. Bàbá fúnra rẹ̀ ló pe Vernon lórí fóònù: "Ẹ má ṣàánú ọmọ yẹn. A kì í bí bébà nílé wa."

Wọ́n gbọ́ràn. Wọ́n nà án títí pátákó fi ṣẹ́, wọ́n mú òmíràn. Ẹnì kan kan án ní ẹ̀ṣẹ́ níhà. Egungun ibẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀. Imani, tó wá wò ó, bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó sì pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ní wákàtí ìdánwò, ẹ̀rọ ló ń bá kíndìnrín rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bàbá jókòó tì í.

"Nígbà tiwa," bàbá ní, "mi ò lè fìdí kan àga fún odidi ọ̀sẹ̀ kan."

"Dádì, ṣé ẹ yege ní ọdún yẹn?"

Bàbá wolẹ̀. "Mo tún ọdún náà ṣe."

"Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí."

Ọlọ́pàá wọlé, ó béèrè ẹni tó lù ú. Ojú bàbá ń bẹ̀ ẹ́ kó ní òun jábọ́ lórí àtẹ̀gùn ni.

"Vernon àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ni," Cedric dáhùn. "Bàbá mi ló ní kí wọ́n má ṣàánú mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ìgbéraga òbí kì í dun òbí. Ara ọmọ ló ń dùn. Bí bàbá rẹ bá ní kó o lọ jẹ ìyà kí ayé lè mọ̀ pé ọmọ òun ni ọ́, kí i dáadáa, kó o sì padà sídìí ìwé rẹ.