Àdúrà Tó Sọnù Nínú Àpótí

Eré ni obìnrin kan sá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó gbá nǹkan kan tí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé mọ́ àyà. Aṣọ iṣẹ́ àwọn awakọ̀ áńbúlánsì ló wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ kan ti tú, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì dìde gìrì. Ó rò pé ọmọ ìkókó ló gbé dání, ó sì fẹ́ sọ fún un pé ó ti ṣi ilé wọ̀, pé òpópónà kejì ni ilé ìwòsàn wà.

"Ẹ gbà mí," ni obìnrin náà wí. "Láti àárọ̀ ni kò ti mí mọ́."

Ló bá tú búláńkẹ́ẹ̀tì. Àpótí dúdú kan ló wà níbẹ̀, kò ju búrẹ́dì ńlá kan lọ, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ nẹ́tíwọ̀kì inú ilé kí wọ́n lè máa kó fáìlì pamọ́ sínú rẹ̀. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Kó tó mí tán, obìnrin náà ti rí wáyà iná lórí tábìlì, ó ti kì í bọ ẹ̀yìn àpótí, ìka rẹ̀ ti ń wá bọ́tìnnì.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn sí gbogbo ẹni tó bá gbé dísìkì tó kú wá, débi pé Má-Tẹ̀-Ẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá tó bí i gan-an ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ni obìnrin náà dáhùn, ló bá bú sẹ́kún.

Àyà ọkùnrin náà já. Kì í ṣe nítorí àpótí nìkan o, kí n má purọ́ fún yín. Ó ti pẹ́ tí ojú obìnrin kan ti kó ìdààmú bá a tó bẹ́ẹ̀.

Kíákíá ni bàbá obìnrin yìí ń pè é láti kékeré, orúkọ náà sì ro ó. Kì í dúró kí tíì tutù kó tó mu ún. Ahọ́n rẹ̀ á bó, á tún bu òmíràn. Iṣẹ́ tó yàn bá a mu wẹ́kú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, tí ẹ̀mí yín rọ̀ sórí okùn tín-ín-rín, ẹ óò dúpẹ́ pé irú rẹ̀ ló wà nídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n dísìkì kì í ṣe aláìsàn tí wọ́n ń gbé sáré.

Bàbá rẹ̀ ló máa ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn afọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sínú yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, tó ń ka ìtàn, àwọn tí kò sì lè rí ojú rẹ̀ mọ ohùn rẹ̀ bí ẹni mọ ohùn ẹbí. Gbogbo ohun tó kà ló wà nínú àpótí dúdú yẹn. Àìsàn wá mú un lọ́fun. Àwọn dókítà ní bó bá fẹ́ wà láàyè, gògóńgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, ohùn rẹ̀ á sì bá a lọ. Nígbà tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó gba àdúrà kan sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ: àdúrà tí bàbá ń gbà fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó wí fún Kíákíá pé ó wà nínú àpótí, kó má gbọ́ ọ títí ọjọ́ náà á fi dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ètè nìkan ló ń mì lẹ́nu bàbá, ọmọ rẹ̀ nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ètè yẹn. Àwọn yòókù, á tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá le nìkan ló ń tẹ̀ fún ọmọ náà.

Àdúrà yẹn ni Kíákíá fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé wá.

Má-Tẹ̀-Ẹ́ ní kó jókòó, kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò jókòó, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Dísìkì méjì ló wà nínú àpótí náà, ohun tó bá wà lórí ọ̀kan ló yẹ kó wà lórí èkejì, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá ṣubú. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, Kíákíá sì gbọ́ pé bí ọ̀kan bá kú, wọ́n kàn ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ni. Ló bá fa dísìkì yọ. Èyí tó yè ló fà yọ. Nígbà tó rí i pé nǹkan tún burú sí i, ó tètè dá a padà. Àpótí wá kọ ọ́ sí i lójú kọ̀ǹpútà pé òun ò dá dísìkì yìí mọ̀, ṣé kí òun nù ún mọ́ kí òun lè máa lò ó. Kò ka ìbéèrè náà dé ìdajì tó fi tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

"Àpótí béèrè lọ́wọ́ yín kó tó nù ún, Àǹtí," ni Má-Tẹ̀-Ẹ́ wí.

"Kò pariwo ni. Níbi iṣẹ́ wa, ohun tó bá le a máa pariwo. Ṣe ni ìyẹn rọra béèrè."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọkùnrin náà, ó gbé e mì. Ó yí àpótí náà wò, ó rí téèpù dúdú kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, ó ká a kúrò. Ibi tí iná ìkìlọ̀ ti ń tàn ni téèpù náà bò. Ó béèrè ẹni tó lẹ̀ ẹ́, Kíákíá ní òun ò mọ̀. Ó béèrè bóyá bàbá ti gbọ́, Kíákíá ní bàbá òun kò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé.

Má-Tẹ̀-Ẹ́ wá ṣàlàyé fún un pé wọn kì í ṣiṣẹ́ lórí dísìkì aláìsàn gan-an. Kò ní kọ ohunkóhun lé e lórí. Á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sórí dísìkì mìíràn, díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá ṣeé kà, á fò ó, á tún padà sí i. Ẹ̀dà yẹn ni òun á wá tú palẹ̀, bí òun bá sì ṣìṣe, ẹ̀dà ló bàjẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, ó ní, kì í bàjẹ́. Kíákíá bi í bóyá kò sí ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ. Ó ní ó wà, ọ̀nà yẹn náà ló sì gbé e dé ṣọ́ọ̀bù òun.

Ló bá di pé bí Kíákíá bá ti ṣíwọ́, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ. Á rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, á rìn padà. Á ká wáyà tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ká. Bí dísìkì bá dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, á dúró gbagidi, á di ọwọ́ mọ́ ẹnu. Bó bá dákẹ́, á béèrè ibi tí wọ́n dé. Má-Tẹ̀-Ẹ́ kò lè lé e, kò sì lè ṣiṣẹ́. Níkẹyìn ó gbé fáànù kékeré kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa fẹ́ dísìkì kó má bàa gbóná. Irọ́ kọ́, dísìkì náà ń gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìdí tó fi ní kó fi ọwọ́ di fáànù tó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dá dúró mú.

Ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ dísìkì ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ ọ̀rọ̀. "Ẹ" di "o". Kíákíá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilé bá ń jó, ẹ̀dà iná ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Òun náà ń bi Kíákíá bóyá ó máa ń dúró fún iná pupa lójú títì. Kò sì sọ fún un pé ara òun náà kò lélẹ̀ mọ́, pé bí fèrè áńbúlánsì bá ti dún lókèèrè, òun tó ń wàásù sùúrù fún gbogbo ayé ló ń sáré lọ sójú fèrèsé.

Lọ́sàn-án kan, Má-Tẹ̀-Ẹ́ bi í pé, "Ṣé o ò tíì rí ẹni tí ẹ jọ máa gbọ́ àdúrà yìí ni?"

"Mi kì í dúró pẹ́ lójú kan débi tí ẹnikẹ́ni á fi rí mi."

"Èmi ń rí ọ."

Kíákíá wo fáànù, ó wo ọkùnrin náà. Ó wá àga, ó jókòó.

Nígbà tí ẹ̀dà parí, Má-Tẹ̀-Ẹ́ ṣí fáìlì kan láti fi dán an wò. Ohùn ọkùnrin kan kún ṣọ́ọ̀bù, ohùn tó rinlẹ̀, tí kò kánjú, tó ń ka ìtàn ọba kan tó fẹ́ fowó ra òjò. Kíákíá di etí tábìlì mú. Ó ti gbàgbé pé bó ṣe ń dún nìyẹn. Ó gbá ọkùnrin náà mọ́ra, kò sì tètè fi í sílẹ̀, òun tí kì í pẹ́ nídìí nǹkan.

Gbogbo ìwé ló jáde. Àdúrà nìkan ni kò jáde. Dísìkì tó kú ti ṣíwọ́ gbígba nǹkan tuntun tipẹ́ kí bàbá tó gba àdúrà náà sílẹ̀. Téèpù tó bo iná ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Orí èkejì nìkan ni àdúrà wà, èkejì yẹn sì ni Kíákíá ní kí wọ́n nù. Má-Tẹ̀-Ẹ́ wá a títí ojú ń ta á. Orúkọ fáìlì ló bá, inú rẹ̀ ṣófo.

Ó yẹ kó sọ. Kò lè sọ. Ó ní ó kù díẹ̀, ó tún ní ó kù díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpè Kíákíá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà há a mọ́gun, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ohùn rẹpẹtẹ tó wà níwájú rẹ̀, ohùn tí bàbá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà sílẹ̀. Ó gé "ọmọ mi" níbì kan. Ó gé "kí ayé yẹ ọ́" níbòmíràn. Ó tò wọ́n, ó so wọ́n, ó dán ojú ìsopọ̀ wọn títí etí kò fi lè mọ̀ ọ́n. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ìwà ojo náà sì wà níbẹ̀.

Ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Kíákíá bí ẹni pé àdúrà náà ló rí, ó kìlọ̀ fún un pé kó fi í pamọ́ di ọjọ́ ìgbéyàwó. Ta ló ń bá wí? Kíákíá kò tíì sọdá títì tó ti fi í sétí. Ó sunkún dé ilé, ó sì gbé fóònù sétí bàbá rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní àpótí kàn dédé kú ni, pé ẹnì kan ló bá òun yọ àdúrà náà nínú rẹ̀.

Ojú bàbá kọ́kọ́ là, nítorí ó gbọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó le. Ó gba fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Ohùn mi ni. Ọ̀rọ̀ mi kọ́." Ó tún tẹ èyí tó kù. "'Ọmọ mi' tó wà níbẹ̀ yẹn, ìkà ọba kan ló sọ ọ́ nínú ìwé kó tó ta ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ṣe èyí kò gbọdọ̀ wọ ilé mi."

Kíákíá padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú pípọ́n. "O fi ọ̀rọ̀ sí bàbá mi lẹ́nu," ló wí. "Ọkùnrin tí wọ́n ti gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ tún wá gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Má-Tẹ̀-Ẹ́ jẹ́wọ́ pé àdúrà náà kò sí mọ́. Kíákíá béèrè ohun tó pa á. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, kò dáhùn. Kíákíá gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Ìgbà yẹn ni ara Kíákíá wá kọ ìjókòó pátápátá. Ó ń gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀. Ó ṣi ọ̀nà kan tó ti ń gbà láti ìgbà tó ti ń wakọ̀, aláìsàn tó gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ló júwe ọ̀nà fún un. Níbi tó ti ń yí ọkọ̀ padà, ó wá yé e ìdí tí Má-Tẹ̀-Ẹ́ kò fi dáhùn. Òun ló pa àdúrà náà. Ọkùnrin yẹn mọ̀, ó sì gbà kí òun kórìíra rẹ̀ ju kó sọ ọ́ fún òun lọ. Òun náà ńkọ́, irọ́ ta ló kéré jù? Bàbá òun ṣì rò pé ṣe ni àpótí kàn dédé kú.

Ó délé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí dísìkì tó fà yọ dórí bẹ́ẹ̀ ni tó tẹ̀.

Bàbá mú fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Èmi ni mo lẹ téèpù mọ́ iná yẹn. Ó ń tàn sí mi lójú. Ìkìlọ̀ àwọn dókítà ti tó mi, mi ò fẹ́ òmíràn." Ó tún tẹ̀ ẹ́: "Pe ọkùnrin yẹn wá."

Má-Tẹ̀-Ẹ́ wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é.

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà," ló wí. "Mo rò pé bí mo bá sọ pé kò sí mọ́, á gbé àpótí rẹ̀, kò ní padà wá. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ohun tí mo ṣe kò dára, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi dí i. Ara mi nìkan ni mo gbé wá." Ó gbójú sókè wo Kíákíá. "Bó o bá ṣì lè gbà láti fẹ́ mi."

Kíákíá ní òun á fẹ́ ẹ, àmọ́ kó máa sọ ìròyìn burúkú fún òun ní gbígbóná, kó má ṣe dúró kó tutù. Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́.

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì. Ó mú ọwọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, èémí nìkan ló ń dún lọ́rùn rẹ̀. Má-Tẹ̀-Ẹ́ yíjú sí Kíákíá.

"Ó ní òun ò rántí gbogbo ohun tí òun sọ lọ́jọ́ náà mọ́," ni Kíákíá wí. "Ó ní kí inú ilé wa má gbóná. Ó ní bó bá rẹ ọ̀kan, kí èkejì lè dúró. Ó ní láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun má kú kí n tó..."

Ó gbìyànjú, kò lè sọ èyí tó kù. Ó ṣáà ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Bàbá kò dúró. Má-Tẹ̀-Ẹ́ kò mọ ohun tí bàbá ń sọ mọ́. Ibi tí ètè bá ti sinmi, ó ń ṣe àmín.

Kò sẹ́ni tó rántí láti fi fóònù gbà á sílẹ̀.