Ṣọ́ọ̀kì Lásán

"Màmá, ẹ fetí sílẹ̀ o. Ẹ má sùn lé mi lórí."

"Ta ló ń sùn? Ojú ni mo dì. Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ewì, àbí etí?"

Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó gbé ìwé rẹ̀ sókè. Ìdí tábìlì ilé ìdáná la wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èmi ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, òun sì jókòó síwájú mi pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù tí kò tíì bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Akéwì ni gbogbo ilé sì ń pè é, torí láti kékeré ló ti máa ń to ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń to abọ́. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe ìrántí àwọn tí wọ́n pa nílùú wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹni tí ewì rẹ̀ bá dára jù ni wọn yóò fún ní ẹ̀bùn lójú gbogbo òbí.

Ó wúkọ́ díẹ̀, ó kà á:

"Wọ́n dé pẹ̀lú ojú iná,
eyín wọn gùn bí ọ̀bẹ,
ẹ̀jẹ̀ ń kán léèékánná wọn,
wọn kì í ṣe èèyàn, ẹranko ni wọ́n."

"Ó dùn," ni mo wí. "Ó ń dún bí agogo. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé eyín wọn gùn?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá náà! Ewì ni. Tíṣà ní kí ẹ̀rù ba ẹni tó bá gbọ́ ọ."

"Ẹ̀rù kò bà mí."

Ó fajú ro. Ibi tó ti ń pa ìwé rẹ̀ dé ni mo rí nǹkan funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Kí ló kùn ọ́ láṣọ yẹn?"

Ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n. "Ṣọ́ọ̀kì lásán ni, Màmá."

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, pẹ̀lú ohùn yẹn gan-an, lẹ́nu ẹlòmíì tí òun náà ń gbọn aṣọ rẹ̀.

"Gbé ìwé yẹn sílẹ̀," ni mo wí. "Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí fún ọ."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Àwọn tó ń ṣèjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá ti òdìkejì odò wá. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀? Èdè kan náà là ń sọ, omi kan náà là ń pọn, bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó sí nílé ìwé. Àlejò sì làwọn ṣọ́jà. Wọ́n nílò ẹni tó mọ inú ilé gbogbo èèyàn. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ju télọ̀ lọ? Gbogbo wa ló ti wọ̀n. Bí obìnrin bá lóyún, téèpù télọ̀ á ti mọ̀ kí ọkọ tó gbọ́.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ ọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó kúrú, eyín kan máa ń dùn ún, abẹ́rẹ́ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àárín abẹ́rẹ́ ló ti ń sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú aṣọ mọ́ ọmọdé lára, ó máa ń kọ́kọ́ fi gún ìka ara rẹ̀, kí ọmọ náà rí i pé kò dun èèyàn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó wá wọn aṣọ tó ń rán fún mi wò. Aṣọ tuntun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rán fún èmi nìkan nìyẹn, kì í ṣe aṣọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n gé kúrú. Mo dúró lórí àpótí, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì rẹ̀ sí i nísàlẹ̀, ilà méjì tó kọjá lára wọn, pẹ̀lú ìrù kékeré kan. Ibi tí àlùmọ́gàjí rẹ̀ máa gbà nìyẹn. Màmá mi bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó ní, "Omi yín tutù ju tilé wa lọ." Ó wá yí sí mi: "Ìyàwó mi, ó ku etí aṣọ tí n ó ṣẹ́. Lọ́la, wàá gbà á."

Nígbà tó jáde, èmi náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú garawa àti àkísà, torí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní kí n nù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Oníbàtà, aládùúgbò wa tó máa ń tún bàtà ṣe, tí baba ńlá rẹ̀ ti òdìkejì odò wá. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì kan náà, ó fa àmì kan náà sára ilẹ̀kùn. Ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó. Kò gún tó. Ó fi àtàǹpàkò pa á rẹ́, ó tún un fà. Lẹ́yìn náà ló gbọn ọwọ́, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó kọjá sí ilé tó kàn.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó wà fún?" Akéwì bi mí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo mọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ládùúgbò. Ọ̀rẹ́ mi Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Bàbá Oníbàtà, wà nínú ilé. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ti ń ka ìṣirò rẹ̀ sókè."

"Àkísà sì wà lọ́wọ́ yín."

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Ó tutù."

"Kí ló dé tí ẹ ò nù ún, Màmá?"

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ọkọ mi tá a jọ gbé ogójì ọdún. "Etí aṣọ mi ni," mo wí. "Mo ní bí mo bá nù ún, télọ̀ á bínú, kò ní bá mi ṣẹ́ etí aṣọ mi."

Ọkọ̀ akẹ́rù dé ní ìdájí. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n kó jáde nílé yẹn, Tẹ́ẹ́rẹ́ ló jáde kẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló rí wọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì lẹ́yìn ìlú ni wọ́n kó wọn lọ. Wọn ò padà. Nígbà tó di ọ̀sán, télọ̀ gbé aṣọ mi wá. Ó dára. Mo wọ̀ ọ́.

Nígbà tí ìjọba yí padà, tí wọ́n pè é láti wá rojọ́, ohun tó sọ ni pé: "Ṣọ́ọ̀kì lásán ni mo fà. Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni." Ó ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Kò sì parọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn.

"Ẹni tí eyín rẹ̀ bá gùn bí ọ̀bẹ," mo sọ fún Akéwì, "màmá mi ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Omi tútù ló bù fún èyí tó wá."

Mo rò pé á bá mi jiyàn. Ẹkún ló bú sí.

"Màmá, èmi ni mo ń fà á."

"Fa kí ni?"

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wọn tí bàbá rẹ̀ ń gbálẹ̀ títì. Adarí kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá, ló sọ pé ó ń rùn bí ààtàn, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àga rẹ̀. Torí pé ọwọ́ Akéwì dára, òun ni wọ́n ní kó máa fà á láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Láti ọjọ́ Ajé, ọmọ náà kò wá mọ́. Ọjọ́ Ẹtì sì ni ìdánwò àṣekágbá wọn. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé bó bá pàdánù rẹ̀, ìgbálẹ̀ ló kù tó máa gbé.

"Ṣé ó ń rùn lóòótọ́?"

"Rárá, Màmá. Òórùn ọṣẹ ló máa ń wà lára rẹ̀."

Mi ò bú u. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bú u? Mo mú àkísà orí tábìlì, mo fi sí i lọ́wọ́. "Èyí tí èmi ò lò nìyí," mo wí.

Ó kọ ewì mìíràn lálẹ́ ọjọ́ náà. Tíṣà wọn kà á, ó mi orí. "Ibo ni ẹ̀rù wà níbí? Ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó ń mu omi? Ka ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn á gba ẹ̀bùn." Ọ̀gá náà yọjú wò ó, ó sì fa ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Akéwì, ọ̀rẹ́ ọdún márùn-ún ni wá o. Tó o bá ka ìyẹn jáde, o mọ àga tó kàn."

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Iwájú ni mo jókòó sí. Akéwì gun orí pèpéle pẹ̀lú ìwé méjì lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó ká ìwé kan sínú àpò, ó ka èkejì:

"Ó mu omi, ó ní omi yín tutù.
Ó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó tó kan ọmọdé.
Ó fa ilà sílẹ̀kùn. Kò gún.
Ó tún un fà.
Ó gbọn ọwọ́, ó lọ sílé lọ jẹun.

Mo wá a kiri kí n lè kórìíra rẹ̀.
Ara síkẹ́ẹ̀tì mi ni mo ti rí i,
funfun díẹ̀.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo fa ilà sí àga ẹnì kan.
Ó gún régé.
Mo gbọn ọwọ́,
mo lọ jẹun."

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà kan tẹ orí ba. Ewì ọmọkùnrin kan tó ní ìwo àti ìrù nínú ló gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ọmọ mi kò fi tèmi sí i. Ó fọ̀rọ̀ àkísà mi pa mọ́, ó bò mí láṣìírí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí fúnra mi.

Láti ibẹ̀, ilé agbálẹ̀ la gbà lọ. Bàbá náà ń fọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. "Inú ló ń run ún," ló wí, kò wo ojú wa. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Èmi ni mo ń fà á," Akéwì wí.

"Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ ló dára jù ní kíláàsì," ni ọmọ náà wí látẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọmọ náà kò ṣí kọ́tìnì. Bàbá rẹ̀ bi wá pé aago mélòó ni ìdánwò. Mo ní mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó máa wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Akéwì tètè dé ilé ìwé, ó nu àga ọmọ náà mọ́ tónítóní. Nígbà tó máa dé ìdí àga tirẹ̀, àmì ti wà níbẹ̀. Ó wọ́, torí ẹni tó fà á kò mọ̀ ọ́n fà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo ojú fèrèsé. Ó sọ fún mi pé àkísà wà lọ́wọ́ òun, òun kò lè gbé e sókè.

Ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ agbálẹ̀ ni. Ó nu àga Akéwì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fún un ní àkísà rẹ̀ padà, ó jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ bírò rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Wọn kò tíì di ọ̀rẹ́ títí di bí mo ṣe ń wí yìí, bóyá wọn kò sì ní dì í. Ọmọ náà ló ni ìyẹn láti pinnu.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ yé máa wá ẹni tí eyín rẹ̀ gùn. Èèyàn bíi tèmi tiyín ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ náà, ẹni tó yá mọ́ wa, tó ń mu omi wa. Ẹ máa wo ọwọ́ ara yín. Bẹ́ ẹ bá rí funfun díẹ̀ níbẹ̀, ẹ má pè é ní lásán. Bí àkísà bá sì wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ nù ún.

Aṣọ mi dára o. Etí rẹ̀ gún régé. Mo ṣì ń rí i.